Ajá Kan Tó Ń Jẹ́ Kí-Ló-Kàn-Ọ́

Lọ́jọ́ kejì tí mo dé ilé ìwòsàn ẹran tìjọba ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, Dókítà kó káàdì mọ́kànlá lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn kí n máa pè wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1990 ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama, n kò sì tíì pariwo pe ẹnikẹ́ni rí láyé mi. Nílé, bí oúnjẹ bá jinná, kàkà kí n pe àwọn àbúrò mi láti ilé ìdáná, màá rìn lọ bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ṣeré, màá fọwọ́ kàn wọ́n léjìká.

Mo wo káàdì tó wà lókè pátápátá. Orúkọ ẹran ni wọ́n máa ń kọ síwájú, ti olówó rẹ̀ á wá tẹ̀lé e nísàlẹ̀. Orúkọ ajá yìí ni Kí-Ló-Kàn-Ọ́.

Ẹni tó bá dàgbà láàárín wa mọ̀ pé a kì í ṣàdédé sọ ajá lórúkọ. Ẹni tí ará ilé ń yọ lẹ́nu, tí kò sì fẹ́ jà, á ra ajá, á fi ọ̀rọ̀ tó wà níkùn rẹ̀ sọ ọ́. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, á bọ́ síta, á máa pe ajá rẹ̀ wá jẹun, ọ̀rọ̀ á sì dé etí ẹni tó ni ín. Tanímọ̀la, Ayé-Ń-Sọ-Ó, Ẹ-Fi-Mí-Sílẹ̀: gbogbo wọn ló wà nínú àpótí káàdì Dókítà, pẹ̀lú àwọn Bíńgò àti Jáàkì ti àwọn tí kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Nǹkan bí ogún ènìyàn ló wà lórí bẹ́ǹṣì. Òórùn oògùn apakòkòrò Izal gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Mo ní, "Kí ló kàn ọ́." Ohùn mi kò kọjá eyín. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo tún un wí, mo ń wo ilẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì lọ bà lé bàbá kan tó so òbúkọ mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì. Bàbá gbójú sókè.

"Ta ni? Èmi? Ìwọ ọmọ kékeré yìí, èmi lò ń bi pé kí ló kàn mí?"

Gbogbo ilé dákẹ́. Àwọn ajá pàápàá dákẹ́. Mo fẹ́ ṣàlàyé pé ajá ni, ṣùgbọ́n ẹnu mi wúwo bí ọlọ. Mo bá sá padà wọlé, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi. Dókítà kò tilẹ̀ gbójú kúrò nínú ìwé tó ń kọ. Ó kígbe láti ibi tó jókòó sí: "Kí-Ló-Kàn-Ọ́ dà?"

Obìnrin kan dáhùn láti ìta: "Àwa nìyí o, sà! Ó lọ tọ̀ ni!"

Káàdì mẹ́wàá ló kù.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí nígbà náà ìdí tí mo fi fẹ́ ṣe dókítà ẹran, màá ní mo fẹ́ràn ẹran. Irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí n kò ní sọ fún un ni pé ẹran kì í sọ̀rọ̀. Ewúrẹ́ kì í bi ènìyàn pé ọmọ ta ni ọ́. Adìyẹ kì í ní kí o kúnlẹ̀ dáadáa. Àlejò kì í wọ́n nílé wa ní Òkè-Àdó, ìkíni sì ni wàhálà tèmi: ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ìnáwó ìjọsí, ẹ kú ará fẹ́ra kù, èwo ni ká kọ́kọ́ wí, ìgbà wo ni ká dìde lórí eékún? Bí mo bá gbọ́ tí wọ́n kan ilẹ̀kùn, ẹ̀yìnkùlé ni mò ń gbà lọ sọ́dọ̀ àwọn ewúrẹ́ ìyá àgbà. Adákẹ́-má-fọhùn ni ìyá àgbà ń pè mí. Mo wá rò ó pé bí mo bá lè fi ẹran ṣiṣẹ́ ṣe, wọ́n á fi mí lọ́rùn sílẹ̀.

Àwọn ará àdúgbò kò mọ̀ bóyá kí wọ́n rẹ́rìn-ín ni àbí kí wọ́n bá bàbá mi kẹ́dùn. "Dókítà ajá?" Lójú wọn, ẹni tí kò rí ìṣègùn ènìyàn gbà ní yunifásítì ló ń lọ síbẹ̀. N kò lè bá wọn jiyàn, nítorí pé ọ̀pọ̀ tó wà níbẹ̀ ni wọ́n gbà bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Èmi ni mo wá a lọ tọkàntọkàn, mo sì tún pàdánù rẹ̀: máàkì mi nínú JAMB, ìdánwò àtiwọ yunifásítì, kò tó lọ́dún yẹn. Ó di kí n dúró ọdún kan sílé.

Bàbá mi, tó jẹ́ akọ̀wé ní Sẹkitéríátì, ló ní n kò gbọdọ̀ fi ọdún náà jókòó ti ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá nìkan. Kò sẹ́ni tó ní ká ṣe bẹ́ẹ̀ o. Kò sí ibì kankan nínú fọ́ọ̀mù JAMB tí wọ́n ti ń béèrè bóyá ọwọ́ rẹ ti kan ẹran rí. Orúkọ rẹ, ìpínlẹ̀ rẹ, yunifásítì tí o kọ́kọ́ fẹ́ àti èkejì rẹ̀, ó parí. Ẹni tó lè sọ bí baolójì ṣe wí tó sì mọ kẹ́mísírì, kí ó má tíì rí ẹ̀jẹ̀ màlúù láyé rẹ̀, kò sóhun tó kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n bàbá mi ti rí ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó fi ọdún mẹ́ta kọ́ iṣẹ́ ẹlẹ́rọ kó tó mọ̀ pé òun kò fẹ́ràn ariwo ẹ̀rọ. Ó mú mi lọ sí Mọ́kọ́lá, ó bá mi sọ gbogbo ohun tó yẹ kí n sọ fúnra mi, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Dókítà bi mí pé kí ni mo lè ṣe. Mo ní n kò mọ̀, sà. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, àwọn tó mọ̀ ló ń yọ òun lẹ́nu. Ó fi ìgbálẹ̀ hàn mí.

Mo rántí ìgbálẹ̀ yìí lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Leeds fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Òun náà fẹ́ ṣe dókítà ẹran, ojú sì ń ti òun náà. Lọ́dọ̀ tiwọn ní Ìlú Ọba, wọ́n ń béèrè o. Ibo lo ti ṣiṣẹ́? Ẹran wo lo ti tọ́jú, ọ̀sẹ̀ mélòó, kí lo rí níbẹ̀, èrò wo ló mú wá sí ọ lọ́kàn? Wọ́n á tún pè ọ́ jókòó síwájú àwọn àgbà tí yóò máa bi ọ́ léèrè lójúkojú. Ọmọ náà ní òun ti rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ẹran kan lẹ́ẹ̀mejì, òun sì yí padà. Ó ní kí n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń wọlé. Mo gbọ́ ohùn yẹn ní àgbọ́túngbọ́ kí n tó lè fèsì, nítorí pé èmi kọ́ ni mo kanlẹ̀kùn tèmi. Mo ní kó mú bàbá rẹ̀ dání. Ó ní wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa ni dídi ajá lẹ́nu. Báńdéèjì gígùn kan báyìí ni wọ́n fi ń ṣe é. Wàá kọ́kọ́ ta ojóbó sí i láàárín, ojóbó náà yóò fẹ̀ ju ẹnu ajá lọ. O kò gbọdọ̀ dúró níwájú rẹ̀; ẹ̀gbẹ́ ni kí o wà, kí òjìji rẹ má ṣe bò ó mọ́lẹ̀. Wàá sọ ojóbó náà wọ̀ ọ́ ní imú, wàá fà á le, wàá mú etí báńdéèjì méjèèjì gba abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ kí wọ́n kọjá lára wọn níbẹ̀, wàá wá gbé wọn lọ so sẹ́yìn etí rẹ̀, ní ìso tó jẹ́ pé bí o bá fà á lẹ́ẹ̀kan, ó ti tú. Gbogbo rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju kí ènìyàn kí "ẹ káàárọ̀" lọ. Ní gbogbo àkókò yẹn, o kò gbọdọ̀ wo ajá lójú. Ajá tí ẹ̀rù bá ń bà tẹ́lẹ̀, bí àjèjì bá tún tẹjú mọ́ ọn, ìjà ló kà á sí.

Èyí tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó wá kọ́ṣẹ́ kò lè ṣe nìyẹn. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ dáadáa, wọ́n á wá gbójú sókè wo ajá. Èmi ti fi ọdún mẹ́tàdínlógún kọ́ bí a kì í ti í wo ẹni lójú. Oṣù kan kò pé tí Dókítà fi ń pè mí bí ajá tó burú bá dé: "Ẹ pe Adákẹ́ wá." Bàbá mi ló ti tú àṣírí orúkọ náà fún un.

Mo ní ìwé ìkọ̀wé kan, irú èyí tí ìsọdipúpọ̀ máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀. Inú rẹ̀ ni mò ń kọ gbogbo ohun tí mo bá rí sí, lálaalẹ́. Ajá, eégbọn, a fi oògùn wẹ̀ ẹ́. Ewúrẹ́, ikùn wú, ó jẹ ẹ̀gẹ́ tútù. Ajá, abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, ọdún kan. Ìwé yẹn ló jẹ́ kí n ṣàkíyèsí ohun kan tó kó ẹ̀rù bá mi. Lọ́jọ́ kan, ìyá kan gbé ọmọkùnrin rẹ̀ wá, kì í ṣe ẹran. Ajá àdúgbò ti bu ọmọ náà jẹ ní itan lọ́jọ́ méjì sẹ́yìn, àwọn ọ̀dọ́ sì ti lu ajá náà pa, wọ́n ti wọ́ ọ jù sódò Ògùnpa. Ìyá náà rò pé níwọ̀n ìgbà tí ajá ti kú, ọ̀rọ̀ ti parí. Ó kàn wá béèrè oògùn tí wọ́n lè fi sójú egbò ni. Epo pupa ló wà níbẹ̀ nígbà tó tú aṣọ rẹ̀.

Dókítà gbé káàdì gbogbo tì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó jókòó ti obìnrin yẹn fún bíi wákàtí kan. Ó ṣàlàyé pé ká ní ajá náà wà láàyè ni, wọn ì bá so ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá kí wọ́n máa wò ó. Bí ó bá pé ọjọ́ kẹwàá tí ara rẹ̀ le, ọkàn á balẹ̀. Ní báyìí tí wọ́n ti gbé e sómi, kò sẹ́ni tó lè sọ nǹkan kan, a sì gbọ́dọ̀ ṣe bí ẹni pé dìgbòlugi ló bá a jà. Ọmọ yìí dà bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì ṣe rí títí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí àrùn náà bá fojú hàn, kò sí oògùn. Ó bu omi àti ọṣẹ, ó fọ egbò náà fúnra rẹ̀, ó fọ̀ ọ́ pẹ́ títí. Ó wá kọ lẹ́tà lé obìnrin náà lọ́wọ́ pé ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ láti ibí, kí ó má yà sílé, kí wọ́n gún ọmọ náà lábẹ́rẹ́ lónìí. Ó ní kó tún un wí. Obìnrin náà tún un wí. Ó ní kó tún un wí lẹ́ẹ̀kan sí i.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ṣírò rẹ̀ nínú ìwé mi. Ọwọ́ Dókítà kò wà lára ẹran ju wákàtí méjì lọ láti àárọ̀. Ẹnu ló fi ṣe gbogbo ìyókù. Mo ti sá fún ènìyàn wá bá ẹran, ẹran sì fa olówó rẹ̀ lọ́wọ́ wá. Mo rò ó wò pé bóyá kí n yí i padà sí kíkọ́ nípa igi àti ewéko.

Lọ́jọ́ Sátidé, ọgbà adìyẹ kan lẹ́yìn Àpẹ́tẹ́ ni mo máa ń lọ. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ló ni ín; gbogbo wa ní ìjọ ń pè é ní Màmá Ẹlẹ́yin. Àsìkò SAP, ètò àtúnṣe ọrọ̀ ajé tìjọba, ni, owó ìfẹ̀yìntì kò tó jẹun, ẹni tó bá ní ilẹ̀ díẹ̀ á kọ́ ilé adìyẹ sí i, á máa gbàdúrà. Adìyẹ 300 ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ń yé. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ ju Mọ́kọ́lá lọ, nítorí pé adìyẹ 300 kì í ní olówó 300. Màá ṣa ẹyin, màá fọ ike omi, màá da oúnjẹ sí agbada wọn, odindi wákàtí mẹ́rin á sì kọjá láìsí pé mo la ẹnu. Bọ̀dá kan ló ń bójú tó ọgbà náà. Ó ti ń sin adìyẹ kí èmi tó mọ ABD.

Oṣù kìíní 1991, ọyẹ́ ń mú, rédíò kékeré Bọ̀dá ń ròyìn ogun tó bẹ́ sílẹ̀ ní Kùwéètì àti Ìráàkì. Àsìkò ọyẹ́ ni àrùn adìyẹ tó ń jẹ́ lùkúlùkú ń jà jù, ìdí nìyẹn tí Màmá fi ra oògùn àjẹsára rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Lasota, tó jẹ́ pé inú omi ni wọ́n ń pò ó sí fún adìyẹ mu. Vom ni wọ́n ti ń ṣe é, nítòsí Jọ́ọ̀sì, níbi tí ilé ìwádìí àrùn ẹran tìjọba wà láti 1924. Láti ibẹ̀ wá sí Ìbàdàn, inú yìnyín ló gbọ́dọ̀ wà. Dókítà ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú: ohun tó wà nínú igo kékeré yẹn wà láàyè, ó sì gbọ́dọ̀ wà láàyè títí tí yóò fi dé ọ̀nà ọ̀fun adìyẹ. Oòrùn lè pa á. Kulorínì tí wọ́n ń dà sómi ẹ̀rọ náà lè pa á. Nítorí náà, omi kànga tàbí omi òjò ni kí a lò. Bí kò bá sí, kí a po mílíìkì oníyẹ̀fun díẹ̀ mọ́ omi ẹ̀rọ kí ó lè pa agbára kulorínì náà. Kí a fi òùngbẹ pa adìyẹ díẹ̀ kí a tó gbé e fún wọn, kí wọ́n lè mu ún tán kíákíá.

Bọ̀dá fi òùngbẹ pa wọ́n. Ó gbé igo kúrò nínú fúláásìkì, yìnyín ṣì wà lára rẹ̀. Ó wá gbé gálọ̀nù lọ sábẹ́ ẹ̀rọ.

Mo gbọ́ òórùn omi yẹn láti ibi tí mo dúró sí. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú omi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó máa ń ta ènìyàn nímú. Kànga kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ sí wa. Mo rí i tó ṣí ìdérí, mo rí i tó bu omi díẹ̀ sínú igo, tó mì í, tó sì dà á sínú gálọ̀nù. Mo ní, "Bọ̀dá."

Ó ní, "Hẹn?"

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́."

Ó ní, "O ṣeun o," ó sì ń fi igi ro ó.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni àkọ́kọ́ kú. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ìgbẹ́ wọn ti di aláwọ̀ ewé, ẹyin tó kù tí wọ́n ń yé kò ní èèpo tó le, àwọn kan sì lọ́ ọrùn sẹ́yìn bí ẹni tó ń wá nǹkan lójú ọ̀run, wọ́n ń yí po lójú kan. Adìyẹ 112 ló ṣẹ́ kù nígbà tó rọlẹ̀. A gbẹ́ kòtò lẹ́yìn ọgbà, a da kẹrosíìnì lé àwọn tó kú lórí, a sun wọ́n. Níbi tí mo ti ń kó wọn láti inú àpò sínú kòtò ni ẹkún ti gbọ̀n mí. Màmá Ẹlẹ́yin fi ìborùn rẹ̀ nù mí lójú. Ó ní ọmọ tó láàánú ni mí, ó ní Ọlọ́run yóò fi mí ṣe dókítà gidi. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni sọ sí mi lọ́dún náà tó dùn mí tó ìyẹn.

Mo sọ fún Dókítà. Ó ronú díẹ̀. Ó ní ó lè jẹ́ omi. Ó sì lè jẹ́ pé oògùn náà ti kú lójú ọ̀nà, tàbí nínú fìríìjì ẹni tó tà á lọ́jọ́ tí NEPA mú iná lọ. Ó lè jẹ́ pé àrùn náà ti wà lára àwọn adìyẹ kan tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ mọ́.

"Ṣùgbọ́n o rí i?"

"Mo rí i, sà."

Kò bá mi wí. Ó kó káàdì fún mi. Mo jáde síta, mo sì pe Tanímọ̀la débi tí ọkùnrin kan tó ń sùn lórí bẹ́ǹṣì fi ta gìrì.

Lẹ́yìn Àjíǹde ni wọ́n wá ní kí n máa tẹ̀ lé ọ̀gá kan tó ń yẹ ẹran wò ní odò ẹran Bódìjà. Wọ́n ti kó àwọn alápatà kúrò níbẹ̀ báyìí, Àmósùn ni wọ́n ní kí wọ́n máa lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tiwa, ẹni tó bá dé Bódìjà kó tó di aago mẹ́fà àárọ̀ yóò rí Ìbàdàn tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Èéfín, ẹ̀jẹ̀, igún lórí páànù bí àwọn àgbà tó wá ṣèpàdé, màlúù funfun abìwo gígùn tí wọ́n ti Òkè-Ọya wá nínú tirélà, àwọn alápatà tí ọ̀bẹ ń dán lọ́wọ́ wọn, àti ariwo. N kò tíì gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ rí. Ohun kan tó yà mí lẹ́nu ni pé ara tù mí níbẹ̀. Níbi tí gbogbo ènìyàn bá ti ń pariwo, ẹni tó dákẹ́ kò hàn.

Iṣẹ́ ọ̀gá náà ni kí ó máa fi ọ̀bẹ la àwọn kókó tó wà lọ́rùn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ fùkù, bóyá ikọ́ ife wà níbẹ̀. Ibi tó bá ní in á máa dà bí ìyẹ̀fun tó gbẹ, á sì máa ró gírígírí lẹ́nu ọ̀bẹ. Ẹ̀dọ̀ náà, á gé e níbi tí àwọn ọ̀nà òróòro pọ̀ sí, á fún un. Bí kòkòrò bá wà níbẹ̀, á rọra yọ́ jáde, pẹlẹbẹ bí ewé kékeré, ó sì ń mira. Lọ́jọ́ kan, wọ́n la màlúù kan, ọmọ wà níkùn rẹ̀, irun ti hù lára rẹ̀, pátákò ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì rọ̀. Alápatà náà gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. N kò kọ ìyẹn sínú ìwé.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ìjà bẹ́ sílẹ̀ lápá kan, ọ̀gá mi sì lọ là á. Ìyá ẹlẹ́dọ̀ kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń kó ẹ̀dọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ là sínú agbọ̀n. Mo rí ewé kékeré náà, mẹ́ta, mẹ́rin, wọ́n ń yọ́ bọ̀.

Mo ní, "Ẹ má tà á, Mà."

"Kí lo wí?"

"Ẹ má tà á. Kòkòrò wà ńbẹ̀."

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ta ni ọ́? Ọmọ ta ni ọ́?" Ó tẹ ẹ̀dọ̀ náà wò. "Èyí? Gbogbo ẹ̀dọ̀ ló ní in. Ṣé tútù ni wọ́n ń jẹ ẹ́ ni? Iná á pa á."

N kò mọ̀ nígbà náà pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jàre. Ẹni tó bá jẹ ẹ̀dọ̀ tó jinná kò lè kó kòkòrò yẹn níbẹ̀. Ewéko etí odò tí ènìyàn bá jẹ ní tútù ló ń gbé e wọ inú wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ tó ti bàjẹ́, òfin ní ká gé e sọnù. Ohun tí mo mọ̀ kò ju ìyẹn lọ, mo sì di í mú. "Ẹ má tà á, Mà," lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n n kò kúrò níbẹ̀. Nígbà tó rí i pé n kò ní lọ, ó pòṣé, ó gé ibi tó bàjẹ́, ó sọ ọ́ sí àwọn igún. Ó wá rẹ́rìn-ín. Ó mú ṣàkì kan tó dára, ó wé e sínú ewé, ó ní, "Gbà, lọ fún ìyá rẹ kó fi sebẹ̀. Ojú rẹ le."

Ẹnu tó ní "ẹ má tà á" lẹ́ẹ̀mẹta kò lè ní "mi ò gbà." Mo kúnlẹ̀, mo gbà á. Ọ̀gá mi padà dé, ó rí ewé lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ah-ah! Wọ́n ti ń fún ìwọ náà ní rìbá?" Ó sọ ọ́ fún gbogbo odò ẹran. Bàbá mi jẹ ṣàkì náà lálẹ́, ó ń béèrè ibi tí wọ́n ti rà á tó fi rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà nínú ìwé mi ní ọjọ́ náà ni: Ẹ̀dọ̀ 1, kòkòrò. Ṣàkì 1, mo gbà á.

Mo tún JAMB ṣe, mo yege. Láàárín ìgbà tí mò ń retí lẹ́tà, ní oṣù kẹjọ ọdún 1991, wọ́n yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́, ìyá mi tó jẹ́ ará Ìrágbìjí sì di ará ìpínlẹ̀ mìíràn lóru ọjọ́ kan. Ó fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Mo gbé ìwé ìkọ̀wé mi dání lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀, bóyá ẹnì kan á béèrè. Kò sẹ́ni tó béèrè. Ọdún mẹ́fà ni ẹ̀kọ́ náà. Pẹ̀lú gbogbo ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́, ó gba mẹ́jọ.

Ní 2001, mo lọ wá Màmá Ẹlẹ́yin. Kò sin adìyẹ mọ́, ike ló ń tà lọ́jà Ọ̀jọ́ọ̀: garawa, abọ́, gálọ̀nù. Ó ti dàgbà. Ó dá mi mọ̀ kí n tó kúnlẹ̀ tán, ó sì sọ fún gbogbo oníbàárà rẹ̀ pé dókítà nìyí, ọmọ òun, ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀. Mo ní mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ bá a sọ, nípa adìyẹ ìjọsí. Mo sọ ọ́ fún un, mo ń wo garawa.

Ó fọwọ́ sẹ́yìn etí. "Sọ ọ́ sókè. Etí mi kò gbọ́ dáadáa mọ́."

Mo tún un sọ.

"Gbé e sókè, jàre!"

Mo bá gbé e sókè. Mo ní omi ẹ̀rọ ni wọ́n fi po oògùn adìyẹ yẹn, mo ní kulorínì wà níbẹ̀, mo ní mo rí i, mo mọ̀ pé kò dáa, n kò sì sọ̀rọ̀. Obìnrin kan tó ń dúnàádúrà abọ́ dákẹ́. Ọmọ tó ń ta omi nínú ọ̀rá dúró.

Màmá mú aṣọ, ó nu eruku orí gálọ̀nù kan, ó nù ún pẹ́.

"Ṣé ohun tí ò ń sunkún sí lọ́jọ́ náà nìyẹn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà.

Ó ní, "N ò gbọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà!"